Owó oníbàárà kì í ṣe owó lọ́yà

Láti ìgbà tí wọ́n ti gba àwọn lọ́yà tuntun wọlé ní Abuja ni Facebook mi ti kún fún wíìgì àti gáùn. Inú mi dùn sí àwọn ọmọ wa, mo sì ti kí gbogbo èyí tí mo mọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan kọ sábẹ́ fọ́tò ọmọ àdúgbò wa ló bí mi nínú. Ó ní, "Ìyà ti tán o, owó àwọn tí ò mọ̀wé ti dé." Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ẹni tí ò mọ̀wé kan tí lọ́yà gbé owó rẹ̀ mì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ látọjọ́ yìí, ẹ ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, Màmá ni mo ń pè wọ́n. Nígbà tí ọkọ wọn kú, àwọn àbúrò ọkọ ta ilẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ láìdá wọn sí i. Màmá gbé e lọ sí kóòtù. Lọ́yà yìí ló bá wọn ṣe ẹjọ́ náà, ó sì ṣe é dáadáa, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹni tó ra ilẹ̀ ní kí àwọn jọ yanjú ẹ̀ ní ìtùbí ìnùbí, òun á san ₦2.4 mílíọ̀nù fún Màmá. Màmá tẹ ìka síwèé, adájọ́ fi àdéhùn náà ṣe ìdájọ́, ó parí. Wọ́n ní kí owó gba ọwọ́ lọ́yà kọjá.

Ọwọ́ lọ́yà náà ló kù sí. Bí Màmá bá dé ọ́fíìsì, wọ́n á ní owó ò tíì wọlé. Bí wọ́n bá tún padà lọ, wọ́n á ní ọ̀gá wà ní kóòtù. Màmá ò sì lọ lọ́wọ́ òfìfo rí, iṣu oko wọn ni wọ́n ń rù lọ fún un, wọ́n ní lọ́yà àwọn ń ṣe wàhálà. Àfìgbà tí wọ́n pàdé ẹni tó ra ilẹ̀ ní Ọjà Ọba, tó kí wọn tó sì bi wọ́n léèrè bóyá owó yẹn ti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ti san gbogbo ẹ̀ tán tipẹ́. Ó ṣí fóònù, ó fi ẹ̀rí bánkì hàn wọ́n.

Èmi ni mo tẹ̀lé wọn padà lọ sí ọ́fíìsì náà, nítòsí Fájúyì. Ìwé òfin aláwọ̀ pupa kún ara ògiri, fọ́tò ọjọ́ tí ọ̀gá gba wíìgì wà láàárín wọn, gíláàsì rẹ̀ ń dán. Bí ọkùnrin náà ṣe jáde sí wa báyìí, Màmá kúnlẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kúnlẹ̀ fún ẹni tí àkọ́bí wọn jù lọ, lórí owó ara wọn! Mo fà wọ́n lápá, wọn ò dìde. "Ọmọ mi, lọ́yà mi, ẹ ṣàánú mi." Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ tijú. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ fọkàn balẹ̀. Owó yín ò sọnù. Mo kàn fi ṣe nǹkan kan ni."

Mo kàn fi ṣe nǹkan kan ni! Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi títí di òní. Ta ló yá a? Àwọn òfin ìṣirò owó tí wọ́n ṣe fún àwọn lọ́yà Nàìjíríà láti 1964 ti sọ pé àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni owó oníbàárà gbọ́dọ̀ wà. Òfin ìwà àwọn agbẹjọ́rò ọdún 2007 tún un sọ pé lọ́yà ò gbọdọ̀ da owó oníbàárà pọ̀ mọ́ tirẹ̀, àti pé kíá ni kó jẹ́ kí oníbàárà gbọ́ pé owó ti dé. Wọ́n tún òfin ìwà náà ṣe ní 2023, èyí tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2024. Ọkùnrin yìí mọ gbogbo ẹ̀ ju èmi lọ. Ó kà á, ó ṣèdánwò, ó yege, kó tó bọ́ sínú gáùn.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé lọ́yà náà ń jẹun, tàbí pé àwọn oníbàárà kì í sanwó. Mo mọ̀. Bí oníbàárà bá jẹ lọ́yà lówó, òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀: kó kọ bíìlì fún un, kí oṣù kan kọjá, kó pè é lẹ́jọ́. Ta ló kọ bíìlì fún Màmá? Ìgbà tí mo kọ lẹ́tà sí i ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ₦800,000 ránṣẹ́, tó ní ìyókù jẹ́ owó iṣẹ́ àti owó ọkọ̀. Owó iṣẹ́ tí Màmá ti san láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Kò fèsì.

Mo wá lọ́yà míì tó máa bá wa gbà á. Ìyẹn tún le jù. Ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n òun ni lẹ́nu iṣẹ́. Òmíì ní ká jẹ́ kí àwọn bá a sọ ọ́ nínú ilé, káyé má gbọ́. Àwọn yìí náà ló máa ń jókòó sórí rédíò láàárọ̀ tí wọ́n á máa bá àwọn olóṣèlú wí nípa ìwà ìbàjẹ́! Nínú Èkìtì wa yìí ni Afẹ́ Babalọlá ti jáde, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni Wọlé Ọlánipẹ̀kun tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà gbogbo Nàìjíríà láàárín 2002 sí 2004, ọmọ Ìláwẹ̀ ni Fẹ́mi Fálànà. A máa ń dárúkọ wọn níbi gbogbo, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn èèyàn ńlá ò lè gba owó opó padà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó lé e lórí ní Adó níbí.

Ọ̀nà wà. Ìgbìmọ̀ kan wà ní Abuja, lábẹ́ Body of Benchers (àwọn àgbà adájọ́ àti lọ́yà tó ń gba lọ́yà tuntun wọlé), tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí àwọn lọ́yà. Èèyàn lè gbé ìwé ẹ̀sùn gba ọwọ́ adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ tàbí alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ wọn. Ìgbìmọ̀ yẹn lè yọ orúkọ lọ́yà kúrò nínú ìwé, wọ́n lè ní kó lọ jókòó sílé fún sáà kan, wọ́n sì lè pàṣẹ pé kó dá owó olówó padà. Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn náà tán, ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi.

Màmá ni kò gbà. Ìwé ìbúra gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, àwọn ló sì máa búra. Wọ́n ní ọmọ ìlú wa ni, pé ìyá ọkùnrin náà àti àwọn jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo bínú sí wọn lákọ̀ọ́kọ́. Ní báyìí, mi ò mọ̀ mọ́. Owó wọn ni, orúkọ wọn ló máa wà lórí ìwé, àwọn ló sì máa jókòó ti obìnrin yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kì í ṣe èmi. Bí mo bá sì dákẹ́, ọ́fíìsì kan náà ni opó mìíràn ń ru iṣu lọ báyìí, mo rí i lórí ìjókòó lọ́jọ́ tá a lọ.

Ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ̀ ń kà mí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wíìgì, ẹ má fi àdúrà dá mi lóhùn. Bí Màmá ò bá búra, ṣé èmi tí mi ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí lè fi orúkọ ara mi fẹjọ́ rẹ̀ sùn?