Ẹ Yéé Gé Orúkọ Ayàwòrán Dànù

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ torí inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin péèjì tí iṣẹ́ yín ò ju kẹ́ ẹ máa kó àwòrán oníṣẹ́ ọnà kiri, tẹ́ ẹ máa wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "kírẹ́díìtì fún ẹni tó ni í", ta wá lẹni tó ni í ọ̀hún? Ṣé ìyá ẹ̀ ò sọ ọ́ lórúkọ ni? Ẹ rí àwòrán, ẹ mọ̀ pé ó dáa, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti gbé e, ẹ gbé e sórí péèjì yín, fọ́lówà ń wọlé, owó ìpolówó ń wọlé, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lẹ ò wá ráyè kọ. Ká tiẹ̀ ní ẹ ò mọ orúkọ yẹn, ìyẹn á yé mi. Èyí tó ká mi lára ni pé orúkọ wà níbẹ̀, ẹ wá gé e kúrò.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná. Irú péèjì bẹ́ẹ̀ kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, gbé àwòrán òwìwí kan síta, òwìwí yìí bà sórí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, ó ń wo gbogbo ayé bíi pé òun ló ni ṣòkòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ máa rí ojú ọ̀bẹ lára ìyẹ́ ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè fò ó kọjá. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, orí lẹ́tà kan ṣì yọ díẹ̀, wọ́n ti gé ìyókù lọ. Ẹnì kan béèrè nínú kómẹ́ǹtì pé ta ló yà á o, ẹ jọ̀ọ́, òun fẹ́ rà. Péèjì náà fi àwòrán ọkàn pupa dá a lóhùn. Ọkàn! Ẹni tó fẹ́ fowó ẹ̀ ra ọjà lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún o.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbé àwòrán sí Google, ó máa bá yín wá ibi tó tún wà, àmọ́ TinEye lèmi fẹ́ràn jù fún irú iṣẹ́ yìí, ó ti wà láti 2008, ó sì máa ń jẹ́ kéèyàn to ohun tó bá rí látorí èyí tó pẹ́ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo rí kọjá ẹnu sísọ. Òwìwí yẹn wà káàkiri lórí Pinterest, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń kó àwòrán jọ, wọ́n yí i sódì níbì kan, wọ́n pa á láró níbòmíì, ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù ó ń tà á, ẹlòmíì fi ṣe ẹ̀yìn fóònù. Gbogbo wọn pátá, kò sórúkọ. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà ní ibòòji, àwọn àgbà kúkú ti sọ tiwọn. Èyí tó pẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni wọn ò gé, ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ náà, ìyẹn ló gbé mi dé wẹ́ẹ̀bù kékeré kan tó jẹ́ ti ayàwòrán yẹn fúnra ẹ̀.

Mo rà á. Nígbà tó dé ni mo wá mọ̀ pé ohun tí mo ti ń wò lórí fóònù kì í ṣe nǹkan kan. Línò ni ó fi ṣe é, ohun pẹlẹbẹ kan tó rọ̀ tó ṣeé gbẹ́, ìyẹn ni pé ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ àwòrán náà sára ẹ̀, ibi tó bá gbẹ́ kúrò ò ní gba íńkì, ibi tó bá fi sílẹ̀ ló máa tẹ̀ jáde, òdì-òdì sì ni gbogbo ẹ̀ torí tó bá tẹ̀ ẹ́ ọ̀tún máa di òsì. Línò kan náà ló fi tẹ àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó máa kọ́kọ́ tẹ èyí tó mọ́lẹ̀ jù sórí gbogbo bébà tó fẹ́ lò, ó máa wá padà gbẹ́ sí i lára línò yẹn, ó máa tẹ àwọ̀ kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí, ó máa tún gbẹ́, títí tó fi máa kan dúdú. Nígbà tó bá fi máa parí, línò ti bàjẹ́ pátápátá, kò sí bó ṣe lè padà lọ tẹ òmíì. Ìdí nìyẹn tó fi fi pẹ́ńsùlù kọ 9/30 sábẹ́ tèmi pẹ̀lú orúkọ ẹ̀. Ọgbọ̀n péré ló wà láyé, tèmi ni ìkẹsàn-án. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, íńkì náà ga díẹ̀ lórí bébà. Lára ìbọ̀sẹ̀ kan lórí okùn, àwọ̀ pupa yẹ̀ kúrò ní ààyè ẹ̀ táí-n-tín, torí bébà sún nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nìyẹn. Ẹ lọ wá a lórí ẹ̀wù tí wọ́n ń tà yẹn, ẹ bá mi wò ó bóyá ẹ máa rí i.

Mo wá kọ̀wé sí i pé kí ló dé tí wọ́n fi ń wá yín bí ẹni wá abẹ́rẹ́, kí ló dé tí ẹ ò sí lórí Etsy, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó ní òun ti wà níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Etsy, ẹ mọ̀ pé nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2005, iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é ni wọ́n ní àwọn ń tà, nígbà tó di 2013 wọ́n gbà kí olùtajà máa gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ míì bá a ṣe, ní April 2022 wọ́n gbé owó tí wọ́n ń yọ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan láti 5% sí 6.5%, àwọn olùtajà kan sì ti ṣọ́ọ̀bù wọn fún ọ̀sẹ̀ kan láti fi bínú. Kò yí nǹkan kan padà. Instagram ńkọ́? Láti 2016 tí wọ́n ti dáwọ́ títo pọ́ọ̀sì bó ṣe ń wọlé dúró, ó ní fídíò lòun gbọ́dọ̀ máa ṣe kí wọ́n tó rí òun. Ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìyẹ́ òwìwí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kó wá máa jó níwájú fóònù.

Àwọn kan á ní, ṣebí kó kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà sí àárín àwòrán. Ẹ ṣeun o. Ẹ kọ́kọ́ lọ kọ tiyín sí iwájú orí yín.

Ohun tó wá dà mí láàmú rèé. Mo ní kó jẹ́ n bá a fi ẹjọ́ péèjì yẹn sùn kí wọ́n yọ àwòrán náà, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra iṣẹ́ òun, inú irú péèjì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, tí wọ́n wá òun kàn fúnra wọn bíi tèmi. Ó tún ní kò wu òun kí orúkọ òun gbajúmọ̀ jù báyìí, pé ṣé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Greg Rutkowski, ayàwòrán ará Poland yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Ní 2022 tí àwọn ẹ̀rọ AI tó ń ya àwòrán jáde, orúkọ ọkùnrin yẹn làwọn èèyàn ń tẹ̀ sí i láìmọye ìgbà kó lè bá wọn ya ohun tó jọ tiẹ̀, débi pé téèyàn bá ń wá iṣẹ́ ẹ̀ gan-an, èyí tí kì í ṣe tiẹ̀ ló máa ń rí. Ayàwòrán tèmi yìí ti ń fi Glaze, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Yunifásítì Chicago ṣe, pa àwọn àwòrán ẹ̀ tuntun mọ́ kó tó gbé wọn síta, kí ẹ̀rọ má bàa rí ọwọ́ ẹ̀ kọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Mò ń pariwo orúkọ, ẹni tó lorúkọ ní kí n rọra.

Àmọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ rà lọ́jọ́sí ńkọ́, èyí tí wọ́n fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí? Ìyẹn ò mọ TinEye, ó ti bá tiẹ̀ lọ. Mélòó nínú irú ẹ̀ ló wà fún ẹnì kan tó bá wá a débẹ̀? Mo bi í, ó ní òun ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya nǹkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, tó bá jẹ́ iṣẹ́ yín ni, ṣé ẹ máa fẹ́ kí n kọ orúkọ yín sínú kómẹ́ǹtì wọn ni àbí kí n gbẹ́nu dákẹ́?