Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àgbà tó dá oúnjẹ jẹ tán láì ṣẹ́ nǹkan kù fọ́mọdé la fi òwe yìí ń kìlọ̀ fún: ọmọ tí kò rí nǹkan kan lá nínú àwo kò ní bá a gbé igbá. Òwe náà dára, àmọ́ ó ní ohun kan tó fi pamọ́ sínú. Kí ọmọ tó lè kọ igbá sílẹ̀ fún àgbà, ó gbọ́dọ̀ ní ilé mìíràn tó ti lè rí jẹ. Bó bá jẹ́ ilé kan ṣoṣo ló ń dáná ládùúgbò, àgbà á jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ọmọ á ru igbá, á sì tún kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ohun tí à ń pè ní àdájẹ ọjà gan-an nìyẹn: kí ọjà bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Títóbi ẹnìkan kọ́ ni ìṣòro. Àìsí ibòmíràn tí a lè yà sí ni.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ fóònù. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n ń gé lórí káàdì rẹ̀. Aráàlú pariwo, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ní kò tíì ṣeé ṣe kí àwọn máa fi ìṣẹ́jú-àáyá kà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Glo wọlé, ìṣẹ́jú-àáyá ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ̀bẹ̀ ọdún méjì kò rí ṣe, ilẹ̀kùn kejì ṣe é.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣìnà ni pé ọjọ́ tí ọjà bá wọ́n ni wọ́n máa ń figbe ta. Ọjọ́ yẹn ti pẹ́ jù. Ìgbà tí nǹkan ṣì dùn ni ilẹ̀kùn ń tì. Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ láàárín alágbàtà ńlá kan ní Ìlọrin àti àwọn obìnrin tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti Òmù-Àrán, Ọ̀fà àti Àjàṣẹ́-Ìpo. Lákọ̀ọ́kọ́, á máa tà ní iye tó kéré sí iye tó fi rà á, á tún máa ta àwìn. Àwọn alágbàtà kéékèèké kò lè bá a dé ibẹ̀, wọ́n á kógbá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló máa sọ pé ẹni tó bá ń ta ọjà ẹlòmíràn kò ní rí tòun gbà mọ́. Ìgbà tí kò bá wá sí ẹlòmíràn mọ́ ló máa so ọjà pọ̀: bí o bá fẹ́ 20 páálí èyí tó ń yá, wàá kó 5 páálí èyí tí kò yá mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní páálí tó ń yá jẹ́ ₦8,000, tí èyí tí kò yá jẹ́ ₦6,000. Obìnrin kan nínú àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ san ₦30,000 fún márùn-ún tí kò yá, ó wá tà wọ́n ní ₦4,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà bàjẹ́ sí i lọ́wọ́, ó gba ₦20,000. ₦10,000 ti wọgbó. Pín in sórí 20 páálí yẹn: ₦500 ló gun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé iye owó ọjà ṣì ń sọ ₦8,000, àmọ́ ₦8,500 ló ń rà á.

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ọdún 2018, èyí tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ń mú ṣẹ, kò pe títóbi ní ẹ̀ṣẹ̀. Fífi agbára ńlá ti ẹlòmíràn síta ni ẹ̀ṣẹ̀, ìwà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kà sókè yìí sì wà lára ohun tó kọ̀ bí ẹni tó ń hù ú bá ti gba ọjà náà mọ́wọ́. Owó ìtanràn lè tó ìdá 10 nínú 100 gbogbo owó tó wọlé fún ilé iṣẹ́ náà lọ́dún tó ṣáájú.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ẹnìkan ti gba ọjà mọ́wọ́? Ẹ bi ara yín: bó bá fi náírà 5 tàbí 10 kún gbogbo 100, tí kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ibo la lè yà sí? Bí ará Òmù-Àrán bá lè lọ kó ọjà ní Ọ̀fà kí èrè ṣì kù lẹ́yìn owó ọkọ̀, ọjà kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ èrè tán, ó ti bọ́ síbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sun FCCPC, kó má kọ "ọjà wọ́n" nìkan. Dísẹ́ẹ̀lì àti náírà tó ń já wálẹ̀ lè sọ ọjà gbogbo ènìyàn di ọ̀wọ́n. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ni kó kọ: ọjọ́ wo, ta ló sọ ọ́, kí ló ní kó ṣe, kí ni wọ́n fi dù ú nígbà tó kọ̀. Kó tọ́jú rìsíìtì, kó má sì pa ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n fi ránṣẹ́ rẹ́. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ìwé tí ìṣọ̀ mẹ́wàá jọ kọ lágbára ju ti ìṣọ̀ kan lọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Ìpàdé tí ẹ fi ń kọ ìwé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ di ìpàdé tí ẹ fi ń dá iye owó ọjà. Ẹgbẹ́ tó ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó tà lówó pọ́ọ́kú, àdájẹ ni òun náà ń ṣe, òfin kan náà ló sì máa mú un.

Òfin yìí ní eyín. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, nínú oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ ìdíje fọwọ́ sí i. Àmọ́ ọdún 2021 ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà pàápàá, tó ní irú òfin yìí láti ọdún 1890, gbé Google lọ sí kóòtù ní 2020, ó di oṣù kẹjọ 2024 kí adájọ́ tó ní ó jẹ̀bi. Owó òwò tó wà ní ìṣọ̀ kan ní ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin kò lè dúró de ọdún mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta á ti jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká bèèrè pé kí àjọ náà máa dá irú ìwà bẹ́ẹ̀ dúró ná, kí ìwádìí tó parí.

Kò sì dìgbà tí Àbújá bá dé. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń pín ìṣọ̀ ọjà tuntun, ẹ wádìí ẹni tó wà lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ogún lè wà lórí ìwé, kó jẹ́ àpò ẹnìkan ni owó gbogbo wọn ti jáde.