Ẹ Yé Fi Abẹ Gé Etí Káàdì Dodgers Mọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fúnra wa, ẹ̀yin tí ẹ ń kó káàdì bésíbọ́ọ̀lù àtijọ́ jọ. Láti August 2022 tí wọ́n ti ta káàdì Mickey Mantle ti 1952 ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là ni ọjà yìí ti dàrú. Ẹni tí kò mọ Bowman yàtọ̀ sí Topps, ilé iṣẹ́ méjì tó ń tẹ káàdì nígbà náà, ti di olùdámọ̀ràn. Kí ẹnì kan ṣáà ti gbé káàdì Brooklyn Dodgers, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Brooklyn ní New York, síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, káàdì tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kíá ni àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Igun rẹ̀ ti jẹ." "Ó ti ká láàárín." "Ẹ dúró de èyí tó mú." Irú ọ̀rọ̀ báyìí gan-an ló ń ki abẹ bọ àwọn oníwàyó lọ́wọ́. Olùrà ló ní igun tó mú lòun ń wá, oníṣòwò sì ń bá a ṣe é.

Ẹ wo káàdì Andy Pafko. Òun ni nọ́ńbà 1 nínú Topps ti 1952, aṣọ Dodgers ló sì wọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ayé ìgbà náà a máa to káàdì wọn ní nọ́ńbà-nọ́ńbà, wọ́n á wá fi rọ́bà dì í. Èyí tó wà lókè pátápátá ni rọ́bà ń jẹ. Á gé e létí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á fi ojú ibi tó gbà kọjá sílẹ̀ lára rẹ̀. Òun náà ni ìdọ̀tí, omi àti ìka ọwọ́ máa kọ́kọ́ kàn. Báyìí ni Pafko, agbábọ́ọ̀lù tó dáa ṣùgbọ́n tí òkìkí rẹ̀ kò tó ti Jackie Robinson, ìràwọ̀ Dodgers, ṣe di káàdì tí èyí tó mọ́ nínú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ní 1998, ọ̀kan tó gba máàkì 10, èyí tó ga jù lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, tà ju ẹgbẹ̀rún 80 dọ́là lọ.

Kò sì tán síbẹ̀. Nọ́ńbà 1 nínú Topps ti 1953, Jackie Robinson fúnra rẹ̀ ni. Nọ́ńbà 210, tó kẹ́yìn nínú Topps ti 1955, Duke Snider ni, òun sì ni wọ́n ń gbé sílẹ̀lẹ̀. Lókè ni o, nísàlẹ̀ ni o, Dodgers ni rọ́bà ń rí jẹ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé Pafko síwájú yín, tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ṣánṣán, tí owó rẹ̀ sì rọjú, ẹ má tíì bèèrè pé èló ló máa gbà jálẹ̀. Rúlà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Topps 1952 títí dé 1956, mìlímítà 66.7 ni ìbú rẹ̀, 95.3 ni gígùn. Láti 1957 ló ti di 63.5 sí 88.9. Bowman kéré ní tirẹ̀: ti 1948 sí 1950 jẹ́ 52.4 sí 63.5, ti 1951 àti 1952 gùn dé 79.4, ti 1953 sí 1955 wá di 63.5 sí 95.3. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín.

Ẹni tó ń gé káàdì kì í gé gbogbo ara rẹ̀. Etí kan tàbí méjì ni, ìdajì mìlímítà tàbí mìlímítà kan, ìwọ̀n tó máa gbé igun tó ti di róbótó kúrò. Bí àwòrán kò bá sí láàárín dáadáa, ẹ̀gbẹ́ tí funfun rẹ̀ fẹ̀ jù ló máa gé, kí ó lè dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Àwọn tó gbówọ́ nínú wọn tiẹ̀ máa ń wá èyí tí ilé iṣẹ́ gé tóbi díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní; bí wọ́n bá gé e tán, rúlà kò ní í bá wọn wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan wà tí ilé iṣẹ́ gé kéré láìsí màgòmágó kankan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí rúlà nìkan kò fi tó.

Ẹ ra káàdì agbábọ́ọ̀lù tí kò lókìkí, ti ọdún kan náà, èyí tó ti gbó débi pé kò sí èrè fún ẹni tó bá gé e. Ẹ gbé e lé èyí tí ẹ ń fura sí, ẹ rọra to àwọn méjèèjì dọ́gba lórí tábìlì, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Etí tí ẹ̀rọ gé ní 1952 ti gbó pẹ̀lú káàdì: á ti pọ́n díẹ̀ bí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí fọ́nrán pépà kéékèèké tó yọ jáde. Etí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé á funfun, á jọ̀lọ̀, nígbà míì á ní ètè tó yọ sí apá kan bíi ti nǹkan tí wọ́n fi abẹ tẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ọ̀kan tó mọ́ ju àwọn mẹ́ta tó kù lọ ni ẹ ń wá. Kí ẹ tún wọn ìbú rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn kì í gé nǹkan tọ́ bí ẹ̀rọ, àárín sábà máa ń jìn wọlé. Oníṣòwò tí kò bá fẹ́ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ káàdì ránṣẹ́ sí yín ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Wọ́n á ní, "Ó ti wà nínú ike líle, wọ́n ti fún un ní máàkì." Ó dáa. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ike náà tán pátápátá. Bí ẹ bá rí "Authentic" láìsí nọ́ńbà, káàdì gidi ni, ṣùgbọ́n nǹkan lè ti ṣẹlẹ̀ sí i. Àwọn tó sì ń fún káàdì ní máàkì, ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n.

Àwọn tó ń kun káàdì ní ọ̀dà tún wà. Topps ti 1953 ní ìgbátí pupa tàbí dúdú nísàlẹ̀ tó dé etí gan-an, tí ó máa ń bó. Bowman ti 1955 ló wá burú jù: wọ́n ya àwòrán rẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n onígi, etí rẹ̀ yí ká ló jẹ́ àwọ̀ igi, bó bá ti bó báyìí, funfun á yọ. Bẹ́ẹ̀, inú Bowman yẹn nìkan ni ẹ ti máa rí Roy Campanella (nọ́ńbà 22) àti Pee Wee Reese (nọ́ńbà 37) lọ́dún tí Dodgers gba ife World Series, ìdíje àṣekágbá bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, nítorí wọn kò sí nínú Topps ọdún náà. Ẹni tó bá ní báírò aláwọ̀ igi á wá jókòó tì í. Lábẹ́ awò, títẹ̀ gidi jẹ́ ẹ̀kán kéékèèké tí wọ́n tò létòlétò. Yíǹkì báírò á kàn rin inú pépà wọlé ni, kò ní ẹ̀kán kankan. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì UV sí i nínú òkùnkùn, ibi tí wọ́n kùn sábà máa ń dá yàtọ̀.

Ti ayédèrú pátápátá kò gba ariwo. Topps fúnra rẹ̀ tún ẹ̀dà 1952 tẹ̀ ní 1983, káàdì 402, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kékeré òde òní ni, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn pé àtúntẹ̀ ni. (Billy Loes ti Dodgers wà lára àwọn márùn-ún tí kò sí nínú rẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.) Ní 1995 wọ́n tún gbé odidi àkójọ 165 jáde fún Brooklyn Dodgers nìkan. Ti àwọn olè ni ẹ ó ṣọ́ra fún, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yà á, tí wọ́n á fi tíì rẹ ẹ́ kó lè dà bí ogbó. Ẹ gbé awò lé orúkọ tó wà lórí rẹ̀: ti àtijọ́, lẹ́tà dúdú jẹ́ yíǹkì kan ṣoṣo tó dì, ti ayédèrú, ẹ̀kán ni lẹ́tà náà fúnra rẹ̀.

Kí ni kí olólùfẹ́ Dodgers wá rà? Èyí tó gbó ni! Èyí tó ká, tí ṣingọ́ọ̀mù tó bá a wá nínú ọ̀rá ti pa ẹ̀yìn rẹ̀ láwọ̀, tí ọmọ kan kọ orúkọ sí lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó máa jókòó fi abẹ ṣe irú ìyẹn. Òótọ́ ni pé Topps 1952 láti nọ́ńbà 311 sókè á gbówó lọ́wọ́ yín bó ti wù kó gbó, Robinson 312, Campanella 314, Reese 333, nítorí apá yẹn pẹ́ jáde, púpọ̀ rẹ̀ kò tà. Sy Berger, ọ̀gá tó ṣe káàdì náà, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn kó ìyókù da sínú òkun. Ṣùgbọ́n ẹ wo Sandy Amorós, nọ́ńbà 75 nínú Topps ti 1955. Ọmọ Kúbà ni. Ní ọjọ́ 4 October 1955, ìdíje keje nínú World Series, Yogi Berra ti New York Yankees gbá bọ́ọ̀lù sí etí ìlà lápá òsì pápá. Ọwọ́ òsì ni Amorós fi ń ju bọ́ọ̀lù, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ wà, ọwọ́ tó sún mọ́ ìlà yẹn. Ó sáré, ó nà án, ó hán an. Ó jù ú sí Reese, Reese jù ú sí Gil Hodges, ni wọ́n bá tún mú Gil McDougald, ọmọ Yankees, tí kò tètè padà sí ibùdó àkọ́kọ́. Dodgers borí, 2-0, ife kan ṣoṣo tí wọ́n gbà ní Brooklyn. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ta Amorós tó ká, ẹ sì ń wá igun tó mú kiri!

Bí ẹ bá rà á tán, ẹ má kó o sínú ọ̀rá PVC, ó máa ń làágùn, á sì lẹ̀ mọ́ yíǹkì. Ọ̀rá tí wọ́n fi polypropylene tàbí Mylar ṣe, ike tí kì í làágùn, ni kẹ́ ẹ lò. Ojú ewé oní-àpò mẹ́sàn-án kò gba Topps 1952 sí 1956; oní-àpò mẹ́jọ ni. Ike tí wọ́n ń fi ìdè dè, ẹ jù ú nù, ó ń tẹ káàdì pa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le fún mi rèé. Ọ̀pọ̀ ọmọdé fi àtè ìyẹ̀fun lẹ káàdì sínú ìwé. A máa ń rì í sínú omi tí kò ní iyọ̀ kankan, títí pépà á fi rọra yọ fúnra rẹ̀, láìfà á. A ó wá fi sáàárín pépà funfun tó ń mu omi, a ó gbé ìwé wúwo lé e, a ó máa pààrọ̀ pépà náà títí á fi gbẹ dénú. Àtè onírọ́bà kò gbọ́ omi, báírò sì lè ràn. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí, ohun tí kì í ṣe ti káàdì la yọ kúrò. Àmọ́ omi yẹn kan náà, pẹ̀lú ìwé wúwo yẹn kan náà, á tún na ibi tó ká débi pé ojú lásán kò ní rí i mọ́. Ṣé kí n sọ fún olùrà? Màá sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbà pé omi kò burú, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tí kò ní àtè kankan láti yọ, tó mọ̀ọ́mọ̀ rì í sómi kí ìlà náà lè parẹ́, tó wá gbé e lọ gba máàkì?