Irọ́ ni o, ọlọ́pàá ò ní gbé yín torí pé ẹ gun kẹ̀kẹ́ gba inú igbó England

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí voice note kan tó ń lọ káàkiri láàárín àwa Yorùbá tá a wà nílùú ọba níbí. Mo fi fọ́tò síta lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti kẹ̀kẹ́ mi lábẹ́ igi nínú igbó lókè Wendover, ìlú kékeré kan nínú òkè Chiltern lẹ́yìn London, kí n tó délé, bùrọ̀dá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ti fi voice note yẹn ń kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má dán irú ẹ̀ wò, pé kò sí igbó oyìnbó tí ò lólówó tó ni ín, pé tí wọ́n bá rí ẹ níbẹ̀ wọ́n á pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá á kọ orúkọ ẹ sílẹ̀, lọ́jọ́ tó o bá wá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú wọ́n á yọ ọ́ jáde. Àwọn èèyàn ń dáhùn pé "ẹ ṣé sà, Ọlọ́run á pa wá mọ́." Mi ò bínú sí wọn. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún méjì gbáko, àwọn oyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pàápàá bá mi sọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì ọlọ́dà, tí lọ́rì á máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá mi bí ìjì, tí màá máa gbàdúrà títí màá fi délé. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Irọ́ yìí ń lé àwọn èèyàn kúrò níbi tí kò séwu, ó ń tì wọ́n sí ibi tí ẹ̀mí ti lè bọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ rè é. Láti ọdún 1968 ni òfin kan tó ń jẹ́ Countryside Act ti sọ pé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní bridleway, ìyẹn ọ̀nà tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin, oníkẹ̀kẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á. Ẹ̀tọ́ ni mo pè é o, kì í ṣe ojúàánú. Ẹni tó ni igbó yẹn lè jẹ́ lọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ àgbẹ̀, ilẹ̀ ni tiẹ̀, ọ̀nà tó gba orí ilẹ̀ náà kọjá ti gbogbo ará ìlú ni, kò lè tì í pa, kò lè gbowó lọ́wọ́ yín, kò sì sí ibì kankan nínú òfin yẹn tí wọ́n ti béèrè irú físà tẹ́ ẹ ń lò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ọ̀nà wo nìyẹn? Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu igbó, ẹ wo òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ike róbótó kan wà níbẹ̀ tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọfà wà lára ẹ̀, nígbà míì èérí aláwọ̀ ewé á ti bo ìdajì ẹ̀, ẹ máa fi àtàǹpàkò nù ún kẹ́ ẹ tó rí àwọ̀ ẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ yẹ́lò, footpath ni, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Tó bá jẹ́ búlúù, bridleway ni, ẹ máa lọ. Pọ́pù àti pupa náà, byway nìwọ̀nyẹn, kẹ̀kẹ́ lè gbà wọ́n. Kódà géètì fúnra ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀: lórí bridleway ẹ sábà máa rí irin gígùn kan tó nà sókè lára ẹ̀ kí ẹni tó wà lórí ẹṣin lè ṣí i láìsọ̀ kalẹ̀, tó bá jẹ́ àtẹ̀gùn igi lẹ rí tí èèyàn ní láti gùn kọjá ọgbà, footpath nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Níbo wá ni ìbẹ̀rù yẹn ti wá? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjì táwọn èèyàn lù pọ̀ ni. Òfin kan wà láti ọdún 1835 tó ní kẹ́nikẹ́ni má gun kẹ̀kẹ́ lórí ibi tí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn pavement, ọlọ́pàá lè ní kẹ́ ẹ san £50 lórí ẹ̀. Òfin ìgboro nìyẹn. Kì í ṣe òfin inú igbó. Footpath tó gba àárín oko àti igbó, tẹ́ ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, ẹ ṣe ohun tí ò dáa sí onílẹ̀, ó lè ní kẹ́ ẹ kúrò, tẹ́ ẹ bá ba nǹkan jẹ́ ó lè pè yín lẹ́jọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti òun ni, kì í ṣe ọ̀ràn tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ tini mọ́lé. Pátákó tí wọ́n kọ "Trespassers will be prosecuted" sí yẹn, ìyẹn pé ẹni tó bá wọlé láìgbàṣẹ á fojú ba ilé ẹjọ́, ẹ̀rù ni wọ́n fi ń dá bani níbi tó pọ̀ jù. Àwọn ibi kan yàtọ̀ o: ojú irin, ilẹ̀ àwọn ológun, àti nínú òkè Chiltern yìí gan-an, Chequers, ilé tí olórí ìjọba ti máa ń sinmi, tẹ́ ẹ bá ya kúrò lójú ọ̀nà wọ ilẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ni lóòótọ́. Síbẹ̀ ẹ gbọ́ nǹkan tó yà mí lẹ́nu: footpath gba orí ilẹ̀ Chequers kọjá, ó dá ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé ibẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni ló sì lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ wo bí ẹ̀tọ́ ọ̀nà ṣe lágbára tó nílùú yìí.

Ẹ má wá gbọ́ èyí kẹ́ ẹ máa gba gbogbo ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ bá rí o. Nínú gbogbo ọ̀nà ará ìlú tó wà ní England, èyí tó ṣí fún kẹ̀kẹ́ fi díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ wo Ridgeway, ọ̀nà 87 máìlì, láti Overton Hill nítòsí Avebury títí dé Ivinghoe Beacon. Apá ìwọ̀-oòrùn ẹ̀ títí dé odò Thames, kẹ̀kẹ́ lè gbà á, tó bá ti wá wọ inú òkè Chiltern, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ di footpath, orúkọ kan náà, ẹ̀tọ́ ti yí padà. Ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi. App orí fóònù fa ìlà fún mi, mo tẹ̀lé e láìwo òpó, bàbá olóko kan pàdé mi pẹ̀lú ajá ẹ̀, ó ní "footpath lo wà yìí, ọmọ mi ọkùnrin." Ohùn ẹ̀ ò le. Mo tọrọ àforíjì, ó nawọ́ sí apá ọ̀tún, ó ní bridleway wà lẹ́yìn àwọn igi yẹn. Gbogbo ọlọ́pàá tí mo tí ì rí nínú igbó nìyẹn. Látìgbà yẹn máàpù Ordnance Survey Explorer ni mo ń lò, ìlà kéékèèké aláwọ̀ ewé ni footpath, èyí tó gùn díẹ̀ ni bridleway, ẹ ò lè ṣì í. Máàpù yẹn náà máa ń fi ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ fáwọn èèyàn láti rìn káàkiri hàn ní àwọ̀ yẹ́lò, òfin ọdún 2000 ló ṣí i, ẹsẹ̀ nìkan ló sì ṣí i fún.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin wá ṣe pàtàkì gan-an, torí òfin 1968 tó fún wa lọ́nà, òun náà ló ní ká yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹṣin, ẹ má lo agogo kẹ̀kẹ́, ẹ má yọ́ wá. Ẹ ti ọ̀ọ́kán kí ẹni tó wà lórí ẹ̀, kí ẹṣin gbọ́ pé ohùn èèyàn ni. Etí ẹ̀ á yí sẹ́yìn sọ́dọ̀ yín, ẹ dúró, ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ, títí ẹlẹ́ṣin á fi ní ẹ máa bọ̀. Ẹni tó bá sáré kọjá níbẹ̀ ń ba orúkọ gbogbo wa jẹ́, ó lè mú kí ẹṣin da ọmọ ọlọ́mọ nù.

Ojú ọ̀nà náà ńkọ́? Òfin ò pa á láṣẹ fún káńsù pé kó tún bridleway ṣe nítorí kẹ̀kẹ́, bẹ́ ẹ bá ṣe bá a lẹ máa gbà á. Ilẹ̀ Chiltern, ẹfun ni nísàlẹ̀, funfun bí èyí tẹ́ ẹ mọ̀ nílé, tí òjò bá pa á ó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Akọ òkúta tí wọ́n ń pè ní flint wà nínú ẹ̀, tó bá fọ́, etí ẹ̀ á mú bí ìgò, òun ló ń gé táyà. Táyà tó fẹ̀ tó 40 mílímítà sókè ni kẹ́ ẹ lò, ẹ sì dín atẹ́gùn inú ẹ̀ kù díẹ̀. Lásìkò òtútù, ẹrẹ̀ orí òkè yẹn á lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ débi tí táyà ò ní yí mọ́, torí náà ní May sí September ni mo ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà tí ò ní dà á láàmú rárá, South Downs Way wà, 160 kìlómítà láti Winchester dé Eastbourne, kẹ̀kẹ́ lè gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Scotland, òfin tiyín yàtọ̀, ti ọdún 2003 fún yín láyè ju tiwa lọ. Èmi ṣá, Sátidé tó ń bọ̀ tí òjò ò bá pọ̀, màá wọ rélùwéè láti Marylebone lọ sí Wendover láàárọ̀. Mo ti sọ fún bùrọ̀dá wa pé kí wọ́n wá. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó mú tíúbù méjì dání.