Ohun tí à ń wá lórí òpó, inú àpò ṣòkòtò ló wà

Bí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wá wọn ilẹ̀ ládùúgbò kan n'Ílọrin, tàbí tí wọ́n já irin sílẹ̀ nílùú kan lápá Ìgbómìnà, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń gba ìgboro. Wọn á ní 5G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìran karùn-ún, ti dé. Wọn á ní ó ń fa jẹjẹrẹ, ó ń ba oyún jẹ́, òun ló gbé kòrónà wá. Àwọn kan á gba ọ̀dọ̀ báálẹ̀ lọ, àwọn kan á lọ bá mọ́gàjí ìdílé tó fẹ́ yá wọn nílẹ̀. Nígbà tí ìpàdé bá parí, oníkálukú á mú fóònù rẹ̀, á fi ohùn ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp tí kò mọ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀. A ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ń bẹ̀rù. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ẹ̀rù náà ti ṣìnà, ó sì yẹ ká yára dá a padà sójú ọ̀nà, torí àwọn oníjìbìtì tó ń fi ẹ̀rọ jí ohùn èèyàn lò ò ní dúró dè wá.

Irú ẹ̀rù yìí ti pẹ́ láàárín wa. Ní oṣù keje ọdún 2004, nígbà tí fóònù alágbèéká ò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ lọ́wọ́ wa, ariwo gba gbogbo Nàìjíríà pé àwọn nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé e, kíkú ló máa kú. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù jáde láti ní irọ́ ni. Síbẹ̀, àìmọye èèyàn ló ń pa fóònù tí wọ́n bá rí nọ́ńbà àjèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, àrùn kòrónà gbòde, wọ́n sì ní máàsì 5G, ìyẹn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ń tàn án kiri. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dáná sun máàsì. Nílé níbí, yàtọ̀ sí àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta tí ìjọba gbà kí wọ́n ṣe lápá ìparí 2019, kò sí 5G kankan tí wọ́n ń tà fún ará ìlú. Isa Pantami, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ ìgbà yẹn, sọ ọ́ nígbà náà pé àwọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ. Ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 2021 ni àjọ NCC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù tó gbé e sí gbàǹjo, tí ilé iṣẹ́ MTN àti ilé iṣẹ́ Mafab sì san mílíọ̀nù 273.6 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹsàn-án 2022 ni MTN tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Àrùn ti pa tó fẹ́ pa kí wọ́n tó na òpó rẹ̀ sókè.

Ìgbì rédíò ni máàsì ń lò, ìdílé kan náà pẹ̀lú èyí tó ń gbé Rédíò Kwara wọlé wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ti 5G tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wa ń mì ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.5 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn dà bíi pé ó ga, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí à ń fojú rí ń mì jù ú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100,000, ìtànṣán X-ray sì tún ga ju ìmọ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Òkè lọ́hùn-ún ni ìtànṣán ti ń lágbára débi tó fi lè já ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara, kó sì dá jẹjẹrẹ sílẹ̀. Ìgbì máàsì ò débẹ̀. Èyí tó lè ṣe, bó bá pọ̀ jù, ni kó mú ara gbóná, ìdí sì nìyẹn tí ICNIRP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ irú ìgbì yìí, fi fi òdiwọ̀n lélẹ̀ lọ́dún 2020 pé èyí tó ń kan ará ìlú ò gbọdọ̀ kọjá wáàtì 10 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Òótọ́ ni pé lọ́dún 2011, àjọ IARC tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fi ìgbì rédíò sí ìsọ̀rí àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí rẹ̀ ò tó. Oje odidi ewé aloe vera wà nínú ìsọ̀rí yẹn kan náà. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ 2011 yìí dẹ́rù bani kì í sọ apá ìkẹyìn yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ sí bí èèyàn ṣe rò ó nìyí. Agbára ìgbì ń dín kù gidigidi bí a bá ṣe ń jìnnà sí i. Ẹni tó kúrò ní mítà 50 lọ sí 100, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń kàn án tẹ́lẹ̀ ló kù. Bó bá dé 200, ó di ìdá kan nínú 16. Ẹ̀rọ tí wọ́n so sórí òpó kì í sì da ìgbì sílẹ̀ bí òjò. Ńṣe ló ń nà án síwájú, bíi ti ẹni tó dúró lórí òrùlé tó yin tọ́ọ̀ṣì sọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó wà lábẹ́ ilé ò rí púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Fóònù ńkọ́? Agbára tirẹ̀ ò pọ̀, fóònù 4G kì í fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì kan lọ rán ìgbì jáde, ṣùgbọ́n etí ló lẹ̀ mọ́. Bí máàsì bá wà nítòsí, fóònù á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá jìnnà, fóònù á fi gbogbo agbára kígbe, bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò. Ìdí tí bátìrì fi ń tètè tán nìyẹn, tí fóònù sì ń gbóná lọ́wọ́, lábúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti já geere. Ìlú tó bá lé máàsì lọ kí ìgbì má baà kan òun, ìgbì tó ń ti fóònù kan àwọn ará ibẹ̀ létí ló sọ di púpọ̀.

Ní gúúsù Kwara, ọ̀rọ̀ yìí kọjá iyàn jíjà. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìsin àti Ifẹ́lódùn, níbi tí àwọn ajínigbé ti ń da àgbẹ̀ àti arìnrìn-àjò láàmú, ọ̀nà oko tí fóònù ò ti lè pe ẹnikẹ́ni léwu ju máàsì mẹ́wàá lọ. A fara mọ́ ọn pé kí wọ́n máa ri máàsì mọ́lẹ̀.

Àmọ́ kí wọ́n rì í bó ṣe yẹ. Àwọn ohun tó yẹ kí ìlú fi dá ilé iṣẹ́ dúró wà, kò sì sí jẹjẹrẹ nínú wọn. Ìlànà NCC ní ó kéré tán, mítà 5 gbọ́dọ̀ wà láàárín máàsì àti ilé. Àjọ àyíká NESREA ní mítà 10. Kí ìdílé tó ń yáni nílẹ̀ di mítà 10 mú, kí wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n lójú gbogbo èèyàn kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru: kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó máa ní àpótí tó ń pa ariwo mọ́, kí imú èéfín rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n mọ ògiri kékeré yí táǹkì dísẹ̀lì ká, torí bó bá ń jò, ilẹ̀ á fà á mu, kànga àdúgbò á sì bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n fi wáyà bàbà tó ń gbé àrá wọlẹ̀ han àwọn ará àdúgbò, kí ẹnì kan sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn olè fẹ́ràn bàbà. Bí wọ́n bá ti gé wáyà yẹn, àrá á wá ibòmíràn gbà, wáyà iná ilé tó wà nítòsí ló sì máa ń yá a lára. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí ìgbì ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ ní kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n.

Ká wá fi òpó sílẹ̀, ká yẹ inú àpò wa wò. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, Microsoft ṣàlàyé ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà) kan tó ń jẹ́ VALL-E. Bó bá ti gbọ́ ohùn èèyàn fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ó lè fi ohùn yẹn sọ ohun tí olóhùn ò sọ rí. Wọn ò gbé e fún ará ìlú lò, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn ò sì gba kọ́bọ̀. Lóṣù kìn-ín-ní 2024, àwọn olùdìbò ní New Hampshire, l'Amẹ́ríkà, gbọ́ ohùn tó jọ ti Joe Biden, ààrẹ wọn nígbà náà, lórí fóònù, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó sílé. Biden ò pe ẹnikẹ́ni. Lọ́dún yẹn kan náà ni ayé gbọ́ nípa òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Arup ní Hong Kong, tó fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpàdé orí fídíò tó jẹ́ pé àdàmọ̀dì ni ojú àwọn ọ̀gá tó rí níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. "Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará ilé" ti tó bẹ́ẹ̀. Wáàsí àwọn àáfà wa wà lórí Facebook ní wákàtí-wákàtí, ìwàásù àwọn pásítọ̀ náà wà níbẹ̀. Ohùn àwọn ọba, olóṣèlú, ìyálọ́jà Ìpàtà àti àwọn ọmọ wa tó ń ki ara wọn kú ọjọ́ ìbí, gbogbo rẹ̀ ló wà níta. Oníjìbìtì á kó ohùn yẹn, á tẹ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì sọ ọ́. Yóò fi nọ́ńbà tuntun pè, yóò ní fóònù òun sọnù. Tàbí kó ti gba WhatsApp ẹnì kan nípa títan onítọ̀hún títí tó fi ka nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí i fún un. Ọ̀rọ̀ á jẹ́ ti kíákíá: ọlọ́pàá mú mi, ọkọ̀ gbá mi, mo wà lọ́wọ́ ajínigbé, ẹ má sọ fún bàámi. Lágbègbè tí ìjínigbé ti ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ìyá wo ló máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún tí yóò sọ pé kí òun kọ́kọ́ rò ó?

Àwọn kan gbọ́kàn lé e pé ẹ̀rọ ò lè pe Yorùbá dáadáa. Lónìí, ó ṣì máa ń kọsẹ̀ lórí igba, igbá àti ìgbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀. Àjọ Mozilla ń gba ohùn àwọn elédè Yorùbá jọ ní gbangba, ìjọba àpapọ̀ náà sì kéde lóṣù kẹrin 2024 pé àwọn máa kọ́ AI tó gbọ́ èdè wa. Ohun rere ni, a sì wà lẹ́yìn rẹ̀, torí èdè tí ẹ̀rọ ò gbọ́ máa ń di èdè ẹ̀yìn. Síbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ìkọsẹ̀ yẹn máa tán. Fóònù fúnra rẹ̀ tún ń bo àléébù mọ́lẹ̀: ọ̀nà ìpè àtijọ́ kì í gbé ju apá tó ń mì ní ìgbà 300 sí 3,400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ohùn èèyàn lọ, èyí tó kù á bọ́ sílẹ̀. Bí ohùn bá wá ń há, oníjìbìtì á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí yín.

Ohun tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ò le. Ẹ gé ìpè náà, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín pe nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá wọlé, ẹ pe ẹlòmíràn tó máa mọ ibi tí onítọ̀hún wà. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ẹni tó bá ń béèrè owó gbọ́dọ̀ sọ. Lórí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá tilẹ̀ tan nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ gbà lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Bí owó bá ti lọ, kí ojú tó mọ́ ti pẹ́ jù. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ní jìbìtì ni, ẹ ní kí wọ́n kàn sí bánkì tó gbà á kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n á béèrè session ID, nọ́ńbà gígùn oní 30 tó wà lára rìsíìtì. Ẹ má pa rìsíìtì náà rẹ́ nítorí ìbínú tàbí ìtìjú.

Ẹ̀rù nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń mú wa. Ìrètí náà ń ṣiṣẹ́ fún wọn. CBEX, ètò ìdókòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ní AI ló ń bá òun ṣòwò, owó á sì di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ó dẹnu kọlẹ̀ lóṣù kẹrin 2025, owó ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹni tó ń sá fún 5G àti ẹni tó sáré kówó sí CBEX ò béèrè: báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

A fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara bá NCC sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa wọn ìgbì ní ẹsẹ̀ máàsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sára pátákó lédè Yorùbá àti àwọn èdè yòókù tí à ń sọ ní ìpínlẹ̀ yìí, pẹ̀lú òdiwọ̀n tó yẹ kó jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A fẹ́ kí bánkì dá owó ńlá tí arúgbó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí kò fi ránṣẹ́ sí rí dúró fún ìwọ̀nba àkókò, kí wọ́n pè é padà. Àwọn ọba àti ìmáàmù tí ará ìlú máa ń gbọ́ tiwọn kí wọ́n tó gbọ́ ti ìjọba, kí wọ́n sọ fún àwọn èèyàn ní gbangba pé àwọn ò ní fi fóònù béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láé. Ẹni tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ti ba ohùn ara rẹ̀ jẹ́ mọ́ oníjìbìtì lọ́wọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ yàn án lálẹ́ òní. Kó jẹ́ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè rántí, tí kò sì sí lórí Facebook: kì í ṣe orúkọ ìdílé, kì í ṣe oríkì, kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹ má kọ ọ́ sí WhatsApp, ẹ má fi fọ́ìsì ránṣẹ́. Ẹ fẹnu sọ ọ́ fún àwọn tó wà nílé, kí ẹ sì pe àwọn tó wà l'Ékòó àti lókè òkun lórí nọ́ńbà tí ẹ mọ̀.