Àwọn ìyàwó sójà náà jagun o

Inú mi dùn gan-an sí ìròyìn yìí, pé àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì kó ìyàwó àtọmọ wọn jọ sí Kàdúná láti tún fojú kanra. Ṣùgbọ́n ẹ wo fọ́tò tí wọ́n fi síbi ìròyìn náà dáadáa, àwọn bàbá ló jókòó síwájú pẹ̀lú mẹ́dáàlì láyà, àwọn màmá wa wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún nídìí kúlà ìrẹsì. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Inú bárékè ni mo dàgbà sí, nígbà tí ECOMOG, ìyẹn àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ pẹ̀tù sógun, bẹ̀rẹ̀ ní Liberia lọ́dún 1990 tí wọ́n kó bàbá mi lọ, kò sí fóònù alágbèéká nígbà yẹn, lẹ́tà la fi ń gbúròó wọn, màmá mi ń dín àkàrà ní mámì máàkẹ́ẹ̀tì, ọjà inú bárékè, ká lè rí owó iléèwé san, màmá Ìdòmà tó múlé tì wá ló ń bá wọn pọn àbúrò mi. Tí ọkọ̀ ọ́fíìsà bá ti wọlé láìròtẹ́lẹ̀, gbogbo láìnì ilé wa á dákẹ́, kálukú á máa gbàdúrà kó má dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun. Ẹlòmíì di opó lọ́jọ́ náà, kò sì pẹ́ tó fi kó ẹrù kúrò ní bárékè. Lóòótọ́, gbogbo January 15 ni wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ l'Ábújá fún àwọn tó kú sójú ogun, ó dáa, àmọ́ ta ló ń béèrè àwọn opó wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣètò ìpàdé yìí, ẹ jọ̀ọ́, tó bá tún di ẹ̀ẹ̀mí-ìn ẹ gbé maíìkì fún àwọn màmá.