Ẹ Fi Àmì sí Pátákó Ilé-Ifẹ̀

Àlejò tó bá fẹ́ débi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, "Opa Oranmiyan" ni yóò bá lójú pátákó. "Ile-Ife" ni wọ́n ń kọ síbi tó yẹ kí Ilé-Ifẹ̀ wà. Tó bá kọjá sí Iléṣà, "Ilesa" ni yóò kí i káàbọ̀. Owó ìlú ni ìjọba fi ń ṣe pátákó. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ìjọba má ṣe sanwó mọ́ fún èyí tí kò bá ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà.

Àwọn kan ń sọ pé lẹ́tà òyìnbó la yá, ká máa lò ó bó ṣe wà. Irọ́ ni. Òyìnbó náà yá a ni. Ní nǹkan bí 3,800 ọdún sẹ́yìn, àwọn kan tí èdè wọn bá ti Hébérù àti Lárúbáwá tan mú àwòrán inú ìkọ̀wé àwọn ará Íjíbítì, wọ́n fi ń kọ ìró èdè tiwọn. A rí ọwọ́ wọn lára àpáta ní Serabit el-Khadim, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta iyebíye ní aginjù Sínáì. Orí màlúù ni lẹ́tà A nígbà náà. Ẹ dojú rẹ̀ kodò, ẹ ó rí ìwo méjèèjì. Nígbà tó dọ́wọ́ àwọn ará Fòníṣíà, níbi tí à ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí, lẹ́tà 22 ni wọ́n lò, kọ́ńsónáǹtì ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn kò tó àwọn Gíríìkì. Wọ́n mú lẹ́tà tí èdè wọn kò nílò, wọ́n sọ ọ́ di fáwẹ̀lì. Àwọn ará Róòmù fa ìlà kékeré sára C, ó di G. Ta ló wá yá a tí kò tún un ṣe?

Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, náà tún un ṣe. Wọ́n fi àmì sábẹ́ e, o àti s, wọ́n fi àmì ohùn sórí fáwẹ̀lì, wọ́n sì ṣèpàdé lé e lórí ní Èkó ní 1875. Àkọtọ́, ìyẹn ìlànà ìkọ̀wé Yorùbá, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kò yọ àwọn àmì yìí dànù. Òun là ń kọ́ ọmọ wa ní kíláàsì. Ọmọ tó bá kọ "Ile-Ife" nínú ìdánwò Yorùbá yóò pàdánù máàkì, tó bá sì jáde sí títì, ohun tí tíṣà fagi lé náà ni ìjọba kọ gàdàgbà síbẹ̀. Ó ń dùn wá gan-an.

Ẹ má sọ pé ẹ̀rọ kò gbà á. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. A kò bá ẹni tó ń kun pátákó wí. Ohun tí wọ́n bá kọ fún un ló ń kọ. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá sì wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nínú ìlú yìí kan náà. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ máa fi orúkọ ránṣẹ́ sí wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn pé agbaṣẹ́ṣe tó bá fo àmì yóò tún un kọ kó tó gbowó. Àwọn pátákó àtijọ́ lè dúró di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tún wọn kùn.